Ta Ni Yóò San Owó Ẹrù Olóró? Ìtàn Òfin àti Owó Ìdọ̀tí Ìtànṣán, láti Ìsàlẹ̀ Èkó

Ìfáàrà

Bí a bá ń sọ ìtàn Erékùṣù Èkó, Ìgá Ìdúngánrán, ọjà àti ọkọ̀ òkun ni ẹnu wa máa ń lọ sí. Ìdọ̀tí kì í sábà wọ inú ìtàn náà. Bẹ́ẹ̀, bí ìlú bá ti ń tóbi ni ìdọ̀tí rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ẹni tí yóò gbé e, ibi tí yóò gbé e lọ àti ẹni tí yóò sanwó rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ òṣèlú tó ti ba àárín ìjọba àti ará ìlú jẹ́ rí. Iṣẹ́ yìí fẹ́ tọ ipasẹ̀ ìbéèrè kan ṣoṣo nínú ìtàn náà: ta ni yóò san owó ẹrù olóró? Ìdọ̀tí tí a ní lọ́kàn jù lọ ni èyí tó ń tú ìtànṣán olóró jáde, irú èyí tó ń ti ilé ìwòsàn, ilé-iṣẹ́ epo àti yàrá ìwádìí wá. Èrò wa ni pé òfin ilẹ̀ wa tètè mọ bí a ṣe ń fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀ mọ́ ẹni tó bá da irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó mọ bí a ṣe ń gba owó rẹ̀. Owó tí a kò bá sì gbà nígbà tí ohun náà ṣì wúlò fún ẹni tó kó o wọlé, a kì í sábà rí i gbà mọ́ lẹ́yìn tó bá ti di ìdọ̀tí.

Póò àti omi ní Erékùṣù Èkó

Kí a tó kan ọ̀rọ̀ ìtànṣán, ó yẹ kí a kọ́kọ́ yà sí Ìsàlẹ̀ Èkó, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti lè rí bí ìjọba ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin àti owó darí ohun tí àwọn ènìyàn ń dà nù. Agboolé ibẹ̀ fún mọ́ ara wọn, ilẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀, omi kò sì jìnnà sí abẹ́ ilẹ̀. Kò rọrùn láti gbẹ́ ṣáláńgá jíjìn síbẹ̀. Póò ni wọ́n ń lò. Agbépóò a máa wá lóru, a gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, a gbé èyí tó kún, a sì fi òfìfo rọ́pò rẹ̀. Etí ọ̀sà ni ẹrù náà máa ń lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá títí di 1933, ìjọba amúnisìn tilẹ̀ ní ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ní erékùṣù náà tó ń kó ìgbẹ́ lọ sí èbúté tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún dídà á sómi.

Àwọn àgbà Èkó a máa sọ pé ọmọ tó bá bú agbépóò lóru, kí àwọn ará ilé rẹ̀ tètè jí fọ ẹnu ọ̀nà ní òwúrọ̀. Ẹ̀rín ni a fi ń sọ ọ́ lónìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ronú sí i yóò rí i pé ẹni tó ń gbé ẹrù tí gbogbo ènìyàn ń sá fún ní agbára ńlá lórí ẹni tó ni ẹrù. Bí kò bá rí owó iṣẹ́ rẹ̀ gbà, tàbí tí wọ́n fi ojú tín-ín-rín rẹ̀, ó mọ ibi tí yóò sọ ẹrù náà kalẹ̀ sí.

Ìjà ọ̀rọ̀ omi le ju ti póò lọ. Ní 1908, nígbà tí Walter Egerton jẹ́ Gómìnà, ìjọba fẹ́ fa omi ẹ̀rọ láti Ìjù wọ Èkó, ó sì ní àwọn ará ìlú ni yóò máa san owó omi. Àwọn ará Èkó fárígá. Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ People's Union sílẹ̀ ní ọdún náà, àtakò sí owó omi sì wà lára ohun tí ẹgbẹ́ náà dúró lé. Àwíjàre àwọn ará ìlú kò lọ́jú pọ̀. Wọ́n ní àwọn ní kànga. Wọ́n ní àwọn Òyìnbó ni wọ́n nílò omi ẹ̀rọ. Wọ́n ní kí ẹni tó fẹ́ nǹkan san owó rẹ̀. Nígbà tí omi dé tán, tí ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè owó ní 1916, àtakò tún bẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì wà lára ohun tó da àárín ìjọba àti Ọba Èṣùgbàyí Elékòó rú. A kò gbọdọ̀ sọ àwọn alátakò wọ̀nyí di ẹni mímọ́ o. Omi ẹ̀rọ ṣe ìlú ní àǹfààní, àwọn ọmọ àwọn tó takò ó ló sì mu ún jù. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n gbé kalẹ̀ kò kú: ta ló jèrè, ta ló sì ń sanwó? Ìbéèrè náà ni ó tún jáde nígbà tí ọ̀rọ̀ ìtànṣán dé.

Ọyẹ́ láti Sàhárà

Ní ọjọ́ 13 oṣù Èrèlé, ọdún 1960, ilẹ̀ Faransé yin bọ́ǹbù átọ́míìkì rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Reggane, ní aṣálẹ̀ Sàhárà ti ilẹ̀ Àlùjíríà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ìhà aṣálẹ̀ yẹn náà ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá bá wa, ẹni tó bá sì ti rí erùpẹ̀ ọyẹ́ lórí tábìlì rẹ̀ rí yóò mọ ìdí tí ẹ̀rù fi ba àwọn ènìyàn. Faransé tún yin òmíràn ní ọjọ́ 1 oṣù Igbe. Nígbà tó yin ẹ̀kẹta ní ọjọ́ 27 oṣù Ọ̀pẹ, Nàìjíríà kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó gba òmìnira. Ní ọjọ́ 5 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1961, ìjọba Alhaji Abubakar Tafawa Balewa, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Èkó nígbà náà, já okùn àjọṣe pẹ̀lú Faransé. Wọ́n fún aṣojú Faransé ní wákàtí 48 láti fi Èkó sílẹ̀, wọ́n sì ti èbúté àti pápákọ̀ òfurufú mọ́ ọkọ̀ Faransé.

Ìpinnu akin ni fún orílẹ̀-èdè tí kò tíì hu eyín tán. Síbẹ̀, ìbínú ni Nàìjíríà fi ránṣẹ́ sí Paris, kì í ṣe ìwé owó. Èso tó pẹ́ jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ààbò lọ́wọ́ ìtànṣán, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964 ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ fisíìsì ní Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ń wọn ìtànṣán nínú afẹ́fẹ́ àti lára àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lo ẹ̀rọ rẹ̀. Wíwọ̀n àti ìmọ̀ràn ni iṣẹ́ wọn. Wọn kì í ṣe agbófinró.

Koko, 1988

Ìlú Koko, èbúté kan ní ilẹ̀ Itsekiri, wà ní Ìpínlẹ̀ Bendel nígbà náà. Ìpínlẹ̀ Delta ni ó wà báyìí. Láàrin 1987 sí 1988, ọkọ̀ òkun márùn-ún kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì lọ síbẹ̀. Iye àgbá tí a sábà máa ń kà nínú ìròyìn ni 8,000, ìwọ̀n rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,000 tọ́ọ̀nù. Oníṣòwò ará Ítálì kan ló wà nídìí rẹ̀. Ó bá onílẹ̀ kan sọ̀rọ̀, ó sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní owó tí kò ju nǹkan bí 100 dọ́là lọ lóṣù kan.

Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí iye owó yìí díẹ̀. Bí a bá pín 100 dọ́là sí ọ̀nà 8,000, ohun tó kan àgbá kan lóṣù jẹ́ sẹ́ǹtì kan àti ìdá mẹ́rin sẹ́ǹtì. Owó dídà nù ni èyí náà, bí a tilẹ̀ pè é ní owó ilẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ìjọba nínú ìdúnàádúrà náà, kò sí ẹni tó bèèrè ohun tó wà nínú àgbá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó bèèrè iye ọdún tí yóò fi wà níbẹ̀. Koko nìkan kọ́ ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún kan náà, ilẹ̀ Benin tó jẹ́ aládùúgbò wa bá ilé-iṣẹ́ kan láti Gibraltar wọ àdéhùn láti gba ìdọ̀tí ní dọ́là 2.50 fún tọ́ọ̀nù kan. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí èyí, kì í ṣe onílẹ̀ kan ní etídò. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ rò pé bí ìjọba bá ti wà nídìí ọ̀rọ̀, owó tó tọ́ ni wọn yóò gbà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà ní Ítálì ni wọ́n ta àwọn ìwé ìròyìn ilé lólobó, aṣírí sì tú ní oṣù Òkúdù, ọdún 1988. Ìtìjú ńlá ni fún ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida, nítorí pé kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Addis Ababa, tí wọ́n sì kéde pé dída ìdọ̀tí átọ́míìkì àti ti ilé-iṣẹ́ sí Áfíríkà jẹ́ ọ̀ràn tí a dá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ìjọba pe aṣojú rẹ̀ ní Ítálì wálé. Wọ́n dá ọkọ̀ òkun Ítálì kan tó ń jẹ́ Piave dúró ní Èkó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ló kó ìdọ̀tí náà wá. Ohun ìdógò ni wọ́n fi í ṣe. Ìbẹ̀rù tó gbòde ni pé ìtànṣán wà nínú àgbá náà. Àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì wá yẹ ibẹ̀ wò, kẹ́míkà olóró ni wọ́n sì bá níbẹ̀ ní pàtàkì.

Ítálì gbà láti kó ẹrù rẹ̀ padà. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé kẹ́míkà jó lára àwọn òṣìṣẹ́ tó kó o sínú ọkọ̀. Karin B, ọ̀kan nínú ọkọ̀ méjì tó gbé e, rìn káàkiri etíkun Yúróòpù: Sípéènì kọ̀ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ ọ́, Faransé náà kọ̀ ọ́, kí ó tó padà sí Ítálì. Ohun tí wọ́n fi 100 dọ́là ra ààyè fún ní Koko, kò sí èbúté tó fẹ́ gbà á ní ilé àwọn tó ṣe é.

Òfin tó mọ ẹ̀wọ̀n

Kí ọdún náà tó parí, òfin méjì jáde láti Èkó, tó ṣì jẹ́ olú-ìlú títí di 1991. Amòfin àgbà ilẹ̀ wa nígbà náà ni Ọmọba Bọ́lá Ajíbọ́lá, ọmọ Abẹ́òkúta. Òfin Nọ́ńbà 42 ti 1988 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀wọ̀n gbére láti kó ìdọ̀tí olóró wọlé, láti gbé e, láti tà á tàbí láti dà á sórí ilẹ̀ tàbí sínú omi Nàìjíríà. Ọkọ̀ tí a fi gbé e àti ilẹ̀ tí a dà á sí di ti ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó ní ààbò aṣojú orílẹ̀-èdè kò lè fi bojú. Ó yẹ kí àwọn tó ń kọ́ni ní ìtàn kíyè sí ibi tí òfin náà ti túmọ̀ ìdọ̀tí olóró, nítorí pé ó dárúkọ ìdọ̀tí átọ́míìkì tó ń tú ìtànṣán jáde ní pàtó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kẹ́míkà ló bí òfin náà. Òfin Nọ́ńbà 58 sì dá àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àyíká sílẹ̀.

Òfin 42 kò gbàgbé owó pátápátá. Ó ní ẹni tí ìdọ̀tí rẹ̀ bá pa ènìyàn lára ni yóò san gbà-má-bínú. Ṣùgbọ́n ọ̀daràn nìkan ni òfin náà mọ̀. Kò mọ dókítà tó ń fi ìtànṣán wo àrùn jẹjẹrẹ, tàbí onímọ̀ epo tó ń fi í wo inú kànga. Àwọn wọ̀nyí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ wọn ń bí ìdọ̀tí lójoojúmọ́. Lágbàáyé náà, ẹnu kò kò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àdéhùn Basel ti 1989 yọ ìdọ̀tí ìtànṣán tí ìlànà àgbáyé mìíràn bá ti ń darí sílẹ̀. Àdéhùn Bamako, tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe ní 1991, kó o mọ́ ọn.

Owó ẹnu ọ̀nà

Ọdún 1995 ni ìjọba ológun ṣe Òfin Nọ́ńbà 19 lórí ààbò átọ́míìkì àti ìtànṣán. Òfin náà ní kí àjọ kan wà tí yóò máa fún ènìyàn ní ìwé-àṣẹ. Ó di 2001 kí àjọ náà, tí a mọ̀ sí NNRA, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n Shamsideen Elegba gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni òfin fi wà láìnílé. Ìlànà ìpìlẹ̀ lórí ìtànṣán jáde ní 2003, èyí tó dá lórí ìdọ̀tí ìtànṣán sì tẹ̀ lé e ní 2006.

Ohun tuntun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹnu ọ̀nà ni a ti ń gba owó. Ẹni tó fẹ́ kó ohun tó ń tú ìtànṣán wọlé yóò gba ìwé-àṣẹ, yóò sì sanwó rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bí ìdọ̀tí ni ìtọ́jú ìdọ̀tí náà já lé léjìká. Ọ̀nà tó dára jù ni kí ó ti bá ẹni tó tà á fún un ṣàdéhùn pé yóò gbà á padà nígbà tí agbára rẹ̀ bá tán. Èyí ni ohun tí àwọn ará Èkó ń sọ ní 1908, àfi pé ìjọba ló ń sọ ọ́ báyìí.

Owó kan ṣoṣo kò lè bá gbogbo rẹ̀ mu, ìṣirò ìgbà ìdajì ni yóò sì fi èyí yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ìgbà ìdajì ni àkókò tí agbára ohun kan tó ń tú ìtànṣán yóò fi dín sí ìdajì. Ti iridium-192, tí àwọn tó ń jó páìpù pọ̀ fi ń yẹ ojú àsomọ́ wò, jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 74; bí a bá tì í mọ́ ibi ààbò fún ọdún mélòó kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ti cobalt-60, tí ilé ìwòsàn ń lò fún jẹjẹrẹ, jẹ́ ọdún márùn-ún àti oṣù díẹ̀. Ti americium-241, tí wọ́n ń lò nínú kànga epo, jẹ́ ọdún 432. Láti ìgbà tí Ọba Dòsùmú ti fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1861 títí di òní, iye ọdún náà kò tíì dé ìdajì. Ilé-iṣẹ́ wo ni yóò wà fún ọdún 432 tí yóò máa san owó ìṣọ́? (Ẹ má ṣe jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ da èyí pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ X-ray o. Bí a bá ti pa iná ẹ̀rọ yẹn, ìtànṣán rẹ̀ tán nìyẹn. Kò fi ìdọ̀tí ìtànṣán sílẹ̀.)

Ohun méjì fi hàn bí nǹkan ṣe ń rí bí ẹnikẹ́ni kò bá san owó ìṣọ́. Ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, ọdún 1987, ní Goiânia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, àwọn tó ń ṣa irin àlòkù wọ ilé ìwòsàn kan tí àwọn oníṣẹ́ ti kó kúrò, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì tú u. Caesium-137 tó wà nínú rẹ̀ ń tàn yòò ní aláwọ̀ búlúù nínú òkùnkùn, àwọn ènìyàn sì ń pín in fún ara wọn bí ohun ọ̀ṣọ́. Ènìyàn mẹ́rin kú, ọmọdébìnrin ọdún mẹ́fà kan sì wà lára wọn. Ìkejì ṣẹlẹ̀ nílé wa. Ní òpin 2002, àwọn orísun ìtànṣán tí ilé-iṣẹ́ àjèjì kan ń lò nínú kànga epo pòórá láàrin Warri àti Port Harcourt. Ní 2003, inú irin àlòkù ni a ti rí wọn, ní Jámánì.

Ọ̀nà mìíràn wà, ṣùgbọ́n ó gba owó àti àjọṣe. Ẹ̀rọ ìwádìí átọ́míìkì kékeré tó wà ní Zaria láti 2004, ilẹ̀ Ṣáínà ló ṣe é. Ní 2018 ni wọ́n yọ epo yuréníọ́ọ̀mù tó lágbára jù nínú rẹ̀, tí wọ́n sì dá a padà sí Ṣáínà, lábẹ́ ètò tí Amẹ́ríkà àti àjọ átọ́míìkì àgbáyé bá wọn lọ́wọ́ sí.

Níbi tí agbára Ìpínlẹ̀ Èkó dé

Ìpínlẹ̀ Èkó dá ìgbìmọ̀ ìkólẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1977. Láti 1991 ni a ti ń pè é ní LAWMA. Ó ń gba owó ìkólẹ̀ ojúlé, ó sì ń bójú tó ìdọ̀tí ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 fi agbára átọ́míìkì sínú àwọn nǹkan tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Nítorí náà, ilé ìwòsàn kan ní Erékùṣù Èkó lè fi abẹ́rẹ́ àlòkù rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba ìpínlẹ̀, kí ó sì san owó rẹ̀. Bí ó bá ní orísun ìtànṣán, Abuja ni yóò kọ̀wé sí.

Ẹnì kẹta tó wà láàrin ìjọba méjèèjì ni ó kọ wá lóminú, òun ni onírin tó ń ti ọmọlanke kiri Ìdúmọ̀tà àti Ìsàlẹ̀ Èkó. Òun kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ da nǹkan nù. Òun ló ń sanwó fún un. Owó ìjọba àti owó onírin dojú kọ ara wọn. Ẹni tó bá tẹ̀ lé òfin yóò san owó kí wọ́n tó gbé ẹrù rẹ̀. Ẹni tó bá yẹ òfin sílẹ̀ yóò gba owó díẹ̀ sápò, bí onílẹ̀ Koko ṣe gbà á. Onírin kò sì mọ̀. Àmì ìtànṣán tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀, abẹ́bẹ̀ dúdú mẹ́ta lórí àwọ̀ òféfèé, kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí a kò bá kọ́. Nítorí èyí ni àjọ átọ́míìkì àgbáyé fi gbé àmì mìíràn jáde ní 2007. Igun mẹ́ta pupa ni; ìtànṣán ń tàn láti òkè, agbárí òkú wà nínú rẹ̀, ènìyàn kan sì ń sá lọ. Ara ẹ̀rọ tí orísun ìtànṣán wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ní kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́, níbi tó fara sin, kí ó lè jẹ́ pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú u nìkan ni yóò rí i. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lára rẹ̀, ní èdè kankan.